Ibo Ni Ohùn Ń Gbà Wọlé?

Wọ́fà Twumasi gbé ẹ̀rọ kẹta sókè láti orí káńtà, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ̀n ọ́n, ó sì gbé e padà sílẹ̀.

"Èyí fúyẹ́," ó wí.

Dufie di ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí, ẹni tó ń pè ní Wọ́fà nítorí ìyẹn, fi dúró nídìí òṣùwọ̀n kòkó kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó fẹ́ rà láyé yìí tí kì í kọ́kọ́ gbé wò bóyá ó wúwo. Bó ṣe ń ra àga nìyẹn, bó ṣe ń ra bàtà nìyẹn. Dufie ti ṣàlàyé fún un nínú ọkọ̀ láti Tafo pé ẹ̀rọ tí díjéè fi ń darí orin kì í ṣe àpò kòkó, pé inú kọ̀ǹpútà ni orin wà, ẹ̀rọ yìí kàn ń pàṣẹ fún un ni. Ó tún un ṣàlàyé ní ìsọ̀ àkọ́kọ́. Ó tún un ṣàlàyé ní ìsọ̀ kejì. Oòrùn ti kan àtàrí báyìí, gbogbo ọjà Adum ń hó, wọn kò sì tíì ra ohunkóhun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí wọn yóò ṣe ìrántí ọdún kan ikú Akyaa, ìyá Dufie. Dufie ti sọ níwájú ẹbí pé kò sí àlejò kankan tí yóò wá ṣe díjéè ọjọ́ náà. Òun ni òun yóò fi orin bọ̀wọ̀ fún ìyá òun. Olórí ẹbí gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ fi ojú òun rí ẹ̀rọ náà nínú ilé kó tó di alẹ́ òní. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe é níbi ìsìnkú ni òun yóò tún pè, nítorí òun kò fẹ́ ìtìjú. Irun ni Dufie ń dì ní Krofrom. Ohun tó rí tù jọ láàárín oṣù méjìlá jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti igba sídì. Wọ́fà fi ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kún un. Ṣùgbọ́n ó dà bíi pé owó náà kò lè dá rìn. Wọ́fà fúnra rẹ̀ ló bá a wá.

Asiamah tó ni ìsọ̀ náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Fóònù méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn pọ̀.

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ o," ó wí láìgbé ojú sókè. "Kì í ṣe iṣu. A kì í fi ọwọ́ wò ó bóyá ó gbó."

Ó wá wọ inú lọ, ó gbé páálí tuntun kan jáde, ó sì fi ọ̀bẹ là á. Dufie sún mọ́ ọn. Ẹ̀rọ tó ti ń wò lórí fóònù láti oṣù méje sẹ́yìn gan-an nìyí. Ó mọ gbogbo bọ́tìnnì ara rẹ̀ bí ó ṣe mọ orí àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwo méjèèjì tó máa ń yí ń tan iná pupa, wọ́n ń tan búlúù. Ó fi ìka kàn wọ́n, wọ́n yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni fi òróró sí i. Ó béèrè bóyá yóò bá kọ̀ǹpútà òun tó ti pẹ́, tó gbé dání, ṣiṣẹ́. Asiamah ní yóò bá a ṣiṣẹ́. Ó béèrè ihò tí yóò ki wáyà agbọ́hùn tí a fi ń bo etí bọ̀, kí òun lè máa dá gbọ́ orin tó kàn kí àwọn èèyàn tó gbọ́ ọ. Ihò náà wà níwájú. Iye rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹgbẹ̀ta. Owó ọkọ̀ padà sí Tafo yóò ṣẹ́kù.

Wọ́fà wọ awò ojú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò láti òpin kan dé èkejì.

"Ibo ni ohùn ń gbà wọlé?" ó béèrè.

Ohun tó béèrè ní ìsọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ohun tó béèrè ní ìkejì nìyẹn. Dufie mọ̀ pé máìkì ló ń wí, àwọn tó bi ní ìsọ̀ méjèèjì sì ti dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n kì í sábà ní ihò máìkì. Asiamah tún un sọ fún un. Ó ní àwọn díjéè tó ń lọ síbi ìsìnkú máa ń gbé ẹ̀rọ mìíràn dání fún máìkì, òun sì ní ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rin sídì.

"A ò ní ẹgbẹ̀rin," ni Wọ́fà wí.

"Ẹ má da ara yín láàmú, Bàbá. Ayé ti yí. Díjéè ò sọ̀rọ̀ mọ́ báyìí. Orin ló ń sọ̀rọ̀."

"Orin tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ó mọ orúkọ òkú?"

Asiamah rẹ́rìn-ín. Wọ́fà ti fi ẹsẹ̀ ti páálí kan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń tọ́ka sí nǹkan dúdú kan tí eruku bò lábẹ́ káńtà. Asiamah gbé e jáde bí ẹni tí ojú ń tì. Àlòkù ni. Ẹnìkan tó ń lọ sí òkè òkun ló tà á fún un. Igun rẹ̀ kan ti sán, orí bọ́tìnnì kan ti bọ́ sọnù, àwo ọwọ́ ọ̀tún sì ń dún kí-rí-kí-rí bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ṣùgbọ́n ihò máìkì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tóbi gbàgàdà. Ẹgbẹ̀rún méjì àti irinwó ni.

"A ó wo èyí," ni Wọ́fà wí.

Dufie mú un lápá, ó mú un jáde sí ẹnu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta àpò fóònù.

"Wọ́fà, ẹ dákun. Owó yín wà níbẹ̀, mo mọ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa dúró nídìí ẹ̀ níwájú èèyàn. Ṣé pósí yẹn lẹ fẹ́ kí n gbé kalẹ̀? Bí ẹ ò bá fọkàn tán mi, ẹ kúkú sọ ọ́ kí n mọ̀."

Wọ́fà yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ojú títì. Aṣọ dúdú ló wọ̀, bó ṣe ń wọ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá.

"Lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá ẹ," ó wí, "nígbà tí mo dìde láti ka ìwé tí mo kọ nípa ẹ̀, ibo lo wà?"

"Ẹ̀yìnkùlé. Èmi àtàwọn obìnrin là ń bu oúnjẹ."

"O gbọ́ mi?"

Dufie ronú. Ó ti máa ń rò pé ògiri ilé ni kò jẹ́ kí òun gbọ́.

"Rárá."

"Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Tuntun ni ẹ̀rọ ọmọ tó ṣe díjéè ọjọ́ yẹn, ó ń tàn bí ọ̀ṣọ́ Kérésì. Kò sí ihò máìkì lára ẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé èkejì tó wà fún máìkì lọ síbi ìsìnkú mìíràn. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé ṣé ẹ ń gbọ́ mi. Ìsìnkú tó wà ní òpópónà kejì ń pariwo. Mo ka ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, mo jókòó."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ó ń ka ìwọ̀n àpò kòkó fún akọ̀wé. Dufie rántí pé òun rí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó dá jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń tú, ìwé kan tó ká pọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò nígbà náà pé ìwé ètò ìsìnkú ni.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, síbẹ̀ inú ṣì ń bí i. Ìsọ̀ mẹ́ta. Gbogbo oòrùn yìí.

"Wọ́fà, kí ló dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti Tafo?"

"Mo sọ ọ́," ni Wọ́fà wí. "Mo ní ibo ni ohùn ń gbà wọlé."

Dufie padà wọ ìsọ̀. Ó ní kí Asiamah so àlòkù náà mọ́ kọ̀ǹpútà òun àti sípíkà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan kò dáhùn, ó sì fi ìyẹn dín owó rẹ̀ kù sí ẹgbẹ̀rún méjì àti igba. Ó ní kí ó fi máìkì kan kún un, nítorí ẹni tó bá fi nǹkan pa mọ́ sábẹ́ káńtà kò lè béèrè owó gọbọi lórí rẹ̀. Asiamah ní obìnrin yìí burú ju bàbá náà lọ, ṣùgbọ́n ó gbé máìkì náà wá. Dufie ki í bọ ihò. Bọ́tìnnì tí orí rẹ̀ ti bọ́ ló wà fún ohùn máìkì. Ó fi èékánná mú irin rẹ̀, ó yí i díẹ̀díẹ̀ títí sípíkà fi mí, ó sì na máìkì sí Wọ́fà.

Wọ́fà kò gbà á kíákíá. Nígbà tó gbà á, ó gbé e jìnnà sí ẹnu.

"Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" ó béèrè.

Ohùn náà jáde kúrò nínú ìsọ̀, ó kọjá lórí àwọn tó ń nájà, ó dé òdìkejì títì. Obìnrin tó ń ta àpò fóònù kò tilẹ̀ gbé orí sókè kúrò nínú ọjà rẹ̀.

"A ń gbọ́ yín, Bàbá," ó wí.

Wọ́fà dúró. Ó dá máìkì náà padà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ń fi etí aṣọ nù ún.

Dufie san owó náà. Bó ṣe ń ká wáyà jọ, ó béèrè bóyá ìwé olójú ewé mẹ́rin yẹn ṣì wà. Wọ́fà ní ó wà.

"Ẹ mú un dání lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn orin kejì ni mo máa pa gbogbo ariwo, tí mo máa fún yín ní máìkì. Kí ẹ ti wà níjòókòó o, mi ò ní í wá yín kiri."

Wọ́fà ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ẹ̀rọ náà, ó gbé e kúrò lórí káńtà, ó sì dúró díẹ̀.

"Èyí wúwo," ó wí, ó sì ń gbé e lọ síbi ọkọ̀.