Àtẹ̀jíṣẹ́ Púlọ́ńbà

Táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kì í kún. Bó bá ti dé ìdajì, á dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bi pé ta ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwo mọ́ á wá garawa omi gbé. Ó ti mọ́ tọkọtìyàwó lára. Ẹni tí kò mọ́ lára ni ìyá ìyàwó, aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ọjọ́ kejì ni wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Wọ́n ní ẹ̀yìn tó pọn ọmọ mẹ́fà kò sí fún garawa. Ní báyìí, oyún ìyàwó ti pé oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó mu tíì yó, ó sì ń fẹ́ kí ìyá òun wà lọ́dọ̀ òun títí òun yóò fi bímọ. Ìyá ti sọ tiwọn lórí fóònù láìfi bọpo bọyọ̀: bí táǹkì bá kún, àwọn á dúró, bí kò bá kún, ilé àbúrò ìyàwó làwọn ń kọrí sí.

Ọkọ ní kí ìyàwó fọkàn balẹ̀. Mo-Lè-Ṣe-É ni ìyàwó ń pè é. Orúkọ yẹn kì í ṣe oríkì, ẹ̀sùn ni. Òun ló tún fáànù ṣe tó wá ń fẹ́ atẹ́gùn sí àjà. Òun ló tún àga ṣe tí àlejò fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí ṣá, ó gbà kí òun béèrè lọ́wọ́ púlọ́ńbà. Rédíò ni wọ́n ń pe púlọ́ńbà yẹn, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Bó bá ń so páìpù fún ọ, á ròyìn páìpù ilé àwọn aládùúgbò ẹ. Àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni oníṣègùn yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀, ó sì fi òwú dí i. Rédíò kú. Ló bá tẹ iṣẹ́ ránṣẹ́, láìfi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe:

"Wo boolu inu tanki. Fi owo gbe e soke die. Ma fi agbara se e. Maa ya wa to ba ya."

Wọ́n ṣí ìdérí. Bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀ lóòótọ́, oníke, ó léfòó sórí omi ní ìparí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí omi ṣe ń ga ni bọ́ọ̀lù ń ga. Bó bá ga tó, irin á ti ibi tí omi ń gbà wọlé pa. Ìyẹn ò ṣòro. "Owo" ló ṣòro.

Ọkọ ní ọwọ̀ ni, èyí tí a fi ń gbálẹ̀. Ó ní púlọ́ńbà gidi ò ní ní kí èèyàn ki ọwọ́ ara ẹ̀ bọ táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó ní ọ̀wọ̀ ni, pé kó fi ọ̀wọ̀ ṣe é, kó rọra, torí pé Rédíò mọ irú ọwọ́ tí ọkọ òun ní. Ọkọ bi í bóyá kí òun dọ̀bálẹ̀ fún bọ́ọ̀lù. Ìyàwó ní kò ní pa á lára.

Wọ́n dé orí "ma". Ìyàwó ní "má fi agbára ṣe é" ni. Ọkọ ní "máa fi agbára ṣe é" ni.

"Ẹ ò rí i," ni ìyàwó wí, "ibi tó lè ba nǹkan jẹ́ nìkan lẹ ń rí kà."

Mo-Lè-Ṣe-É ti gbé ọwọ̀. Ó tì í sábẹ́ bọ́ọ̀lù, ó fi agbára há a mọ́ ibẹ̀, ó pa ìdérí dé. Ó ṣan omi láti fi dán an wò. Omi ìdajì tó wà níbẹ̀ lọ tán, ẹ̀kán kan kò sì wọlé, torí pé bọ́ọ̀lù tó wà lókè gbà pé táǹkì ti kún. Ọkọ ní ẹ wò ó, ó ti dákẹ́. Ìyàwó ní òkú náà máa ń dákẹ́.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn fi dún. Ìyá ti dé, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù. Ọkọ kò fẹ́ kí wọ́n bá púlọ́ńbà nílé. Ó yára tẹ iṣẹ́ sí Rédíò pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, ó lọ ṣílẹ̀kùn.

Ìyá ò jókòó. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tíì gbé báàgì àwọn wọ yàrá.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ kí táǹkì."

Ìyá wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Tọkọtìyàwó dúró síta bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Ìdérí dún gbà. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ṣọ̀ọ̀ọ̀, ó dà kọjá ibi tó ti máa ń dúró, ó ń dà á lọ. Ìyàwó di ọkọ rẹ̀ lápá mú. Ìyá yọ, ọwọ̀ tó ń kán tótó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ọkọ ọmọ mi, ilẹ̀ wo lò ń gbá nínú táǹkì?"

Ọkọ fi àtẹ̀jíṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n kà á. Wọ́n ní ọwọ́ ni, ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un. Pé irin ibẹ̀ ló tẹ̀ wálẹ̀, àwọn sì ti tẹ̀ ẹ́ padà sókè.

Ìyàwó wo ìyá rẹ̀ títí. Ó bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe tètè mọ̀ pé irin tẹ̀. Ìyá wúkọ́. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, bẹ́ẹ̀ kò yẹ̀. Àṣé lọ́jọ́ kìíní tí wọ́n wá nígbà yẹn, ariwo omi ni kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun ọ̀sán sùn, ni wọ́n bá ṣí ìdérí, wọ́n tẹ irin wálẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ó máa dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Ọkọ, ẹni tí wọ́n ti ń fi táǹkì yìí bú láti ọjọ́ náà, la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Rédíò ló já wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, àpò irinṣẹ́ wà léjìká rẹ̀, ó ń mí hẹlẹ. Kò lè fọhùn. Fóònù ló nà sí wọn, Ìyá sì gbà á. "Iya ti de. E ma bo," ni ọkọ kọ síbẹ̀. Ohun tí Rédíò kà tó fi sáré ni Ìyá kà jáde:

"Ìyà ti dé. Ẹ máa bọ̀."

Ìyá gbé ojú kúrò lára fóònù, wọ́n kọjú sí ọkọ.

"Èmi lò ń pè ní ìyà?"

Ọwọ́ wọn ti ń lọ síbi báàgì. Mo-Lè-Ṣe-É kò dúró ṣàlàyé àmì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ìyàwó wí. "Mo ní ọ̀wọ̀ ni."

Ìyá fẹ́ fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín bò wọ́n. Rédíò náà ń rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń kérora. Nígbà tí Ìyá rẹ́rìn-ín tán, wọ́n nu ojú, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti báàgì sọ́dọ̀ ẹni tó wà nílẹ̀.

"Dìde, gbé e lọ sí yàrá mi. Fi ọwọ́ gbé e. Má fi agbára ṣe é, ìgò òróró wà níbẹ̀."