Ṣúgà Àmọ̀dá Kì í Gòkè Lọ́jọ́ Àlàmísì

Ẹ bá mi kí ọkọ mi, Àmọ̀dá, ẹni tó gbọ́n ju dókítà lọ. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti sọ fún un pé ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, pé bí kò bá ṣọ́ra, ọkàn rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí i ṣe kú, lórí àga, pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Àmọ̀dá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ní òun ti mọ ọgbọ́n tí òun máa dá.

Ọgbọ́n náà ni pé ọjọ́ Àlàmísì nìkan ló ń lọ ṣe àyẹ̀wò, torí ó máa ń fínnúfíndọ̀ gba ààwẹ̀ nọ́fílà lọ́jọ́ náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí inú ti ṣófo, nọ́ọ̀sì á gún un níka, ṣúgà á wálẹ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n á sì yìn ín. Láwàlì ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ta páànù ní Sàngó Ọ̀tà, á tún lọ ròyìn ní mọ́ṣáláṣí: "Ẹ wo Àlájì Àmọ̀dá, ààwẹ̀ ti wo àtọ̀gbẹ wọn sàn!" Ọkọ mi á sorí kọ́ bí ìyàwó tuntun.

Ẹ jẹ́ kí oòrùn wọ̀ ná. Dàbínò ẹ̀kúnwọ́, mọ́ọ̀tì ìgò méjì pẹ̀lú mílíìkì alágolo, dòdò tó ń wẹ̀ nínú òróró, ẹ̀bà tó ga ju ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló kan sìgá, lẹ́yìnkùlé, kí Láwàlì má baà rí i. Oògùn ńkọ́? Lọ́sàn-án, oògùn ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Lálẹ́, oúnjẹ ti gba gbogbo àyè. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Mùíbátù, ẹni tó gbààwẹ̀ ló ni ìṣínu." Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò fẹ́ ṣe opó.

Ní Àlàmísì tó kọjá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa mọ́ọ̀tì kejì gbẹ ni, ló bá di àyà mú. Òógùn bò ó. Ó ní ẹrù wúwo kan jókòó sí òun láyà, apá òsì sì ń ro òun.

"Gáàsì ni," ló wí.

Mo pe Láwàlì, ó gbé mọ́tò wá, a rá pálá láàárín àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ títí a fi dé ọsibítù.

Dókítà, ọmọbìnrin kékeré kan, bi í pé, "Bàbá, kí lẹ jẹ? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín? Ṣé ẹ ń mu sìgá?"

Àmọ̀dá, tí èémí rẹ̀ ò délẹ̀ mọ́, kọ́kọ́ wo ojú Láwàlì. "Dàbínò mẹ́ta péré, àti omi. Mò ń lo oògùn dáadáa. Sìgá kẹ̀? Èmi Àlájì!" Ó wá ṣẹ́jú sí mi kí n gbè é.

Ọkùnrin ń kú lọ, irọ́ ló ṣì ń pa! Mo ní kí dókítà kọjú sí mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún un láti orí mọ́ọ̀tì dé orí sìgá. Mo sọ ti bàbá rẹ̀. Mo sọ ti oògùn tó wà nínú páálí tí kò tíì já. Láwàlì la ẹnu sílẹ̀, kò rí i pa dé.

"Ọkàn ni, kì í ṣe gáàsì," ni dókítà wí, ó sì ké sí àwọn nọ́ọ̀sì kí wọ́n sáré.

Bí wọ́n ṣe ń tì í lọ, ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "O dójú tì mí níwájú Láwàlì. Ikú yá ju ẹ̀sín."

"Ẹni tó pa òwe yẹn kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè," ni mo dá a lóhùn. "Bàbá Ruqoyah, ẹni tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ṣì ń padà wálé."