Ẹ̀rín Tó Bo Ohùn Mọ́lẹ̀

Onítẹ̀wé kò bú àbúrò rẹ̀. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo eṣinṣin tó kú sínú omi mímu.

"Ẹ̀gbọ́n, mo kàn bá yín gbá inú kọ̀ǹpútà yìí mọ́ ni," ni àbúrò wí, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn èérún búrẹ́dì orí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pálọ̀. "Ó ti kún fọ́fọ́, ó wá ń wọ́ bí ìgbín. Mo rí fóódà kan tó jẹ́ pé nọ́ńbà lásán ló wà nínú rẹ̀, mo ní pàǹtí ni. Mo pa á rẹ́. Mo tún da agbọ̀n pàǹtí inú ẹ̀rọ nù, kó lè mọ́ kanlẹ̀."

Ìyàwó Onítẹ̀wé ló sọ ọkùnrin yìí ní Eyínfúnjowó nígbà tó wọlé ọkọ, torí pé ìgbàkígbà ni eyín rẹ̀ máa ń wà níta. Nígbà yẹn ó bá a mu. Ṣùgbọ́n ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó wá síbi ìsìnkú ìyàwó náà kò sì padà lọ mọ́. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn, apá àga náà ló ń sá ìbọ̀sẹ̀ tí kò fọ̀ sí, ẹ̀rín rẹ̀ sì ti di ohun tí ń rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára.

Ohùn ìyàwó náà ló wà nínú fóódà yẹn. Kí àwọn dókítà tó la ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ti sọ fún un pé kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Láràárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó ti kọ̀ǹpútà, tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń fọ kọ́tìnnì tí kò fi ní ṣá, aládùúgbò tí kò gbọ́dọ̀ yá ní àkàbà, bí ọkọ náà ṣe ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó kú. Onítẹ̀wé kò tíì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀ rí. Ó ń fi í pamọ́ de ọjọ́ tí àyà rẹ̀ yóò gbà á.

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni Eyínfúnjowó wí. "Ẹ̀rọ yín ṣì wà. Ó tilẹ̀ ti ń yára sí i."

"Kí ni kí n fi agbè ṣe?"

Onítẹ̀wé bọ́ síta, ó pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìparí òpópónà wọn lórí fóònù.

"Bàbá, fáìlì tí wọ́n pa rẹ́ ò tíì lọ," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rọ kàn kọ 'ààyè ṣófo' síbẹ̀ ni. Ìgbà tí nǹkan míì bá wọ ààyè yẹn ló tó lọ. Ẹ yọ wáyà rẹ̀ báyìí. Kẹ́nikẹ́ni má tàn án. Ẹ gbé e wá fún mi láàárọ̀ ọ̀la."

Ọ̀rọ̀ náà yé e ju bí obìnrin náà ti rò lọ. Nígbà tó ń to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé, bí iṣẹ́ kan bá parí, ọ̀gá a fi ẹfun kọ "ẹ tú u" sí i lára. Síbẹ̀ odindi ojú ìwé náà wà ní títò, tí èèyàn lè fọwọ́ kà á, títí ẹnìkan yóò fi kó lẹ́tà rẹ̀ lọ to iṣẹ́ mìíràn. Ó wọlé, ó fa wáyà yọ.

"Má tàn án."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ní òwúrọ̀, ọṣẹ ṣì wà lójú Onítẹ̀wé nílé ìwẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹ̀rín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹnìkan, ẹ̀rín èrò rẹpẹtẹ ni, láti inú ẹ̀rọ. Ó ró aṣọ ìnura mọ́dìí, ó jáde pẹ̀lú omi lẹ́sẹ̀.

Eyínfúnjowó jókòó ti kọ̀ǹpútà, igi ìtayín lẹ́nu. "Ẹ wò ó! Ẹ ò ní láti gbé e lọ síbì kankan. Mo rí ètò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jí fáìlì dìde, mo fà á wọlé. Gbogbo fídíò àwàdà mi tí mo ti pa rẹ́ láti ìgbà yìí wá ló ti padà! Ó ṣẹ́ ku ti ìyàwó wa."

"Ibo lo ń kó wọn sí?"

"Inú ẹ̀rọ náà ni o. Ibo ni ǹ bá tún kó wọn sí?"

Onítẹ̀wé tún fa wáyà yọ. Bí ó bá lanu, kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ni yóò jáde tàbí èébì.

Eyínfúnjowó ló ru ẹ̀rọ náà dé ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà tú ìdí rẹ̀, ó yọ dìsíkì rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó gbójú sókè wo Eyínfúnjowó.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe ń hú òkú nìyẹn? Ẹ hú ọ̀kan, ẹ wá da erùpẹ̀ rẹ̀ sórí èkejì?"

"Ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe," ni Eyínfúnjowó wí, eyín níta.

Wọ́n jókòó pẹ́. Àwọn ohun tó jáde kò lórúkọ mọ́, wọ́n ní láti máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ju ariwo ṣìì lọ, bí ata nínú epo gbígbóná. Ìkan jẹ́ ikọ́. Òmíràn sọ pé omi tútù ni kí wọ́n fi fọ kọ́tìnnì, ó sì parí síbẹ̀. Onítẹ̀wé di etí tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan ṣí, tó mọ́ gaara, bíi pé ìyàwó náà dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Onítẹ̀wé, ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá sọ èyí lójú yín, ẹ ó dìde kúrò lọ́dọ̀ mi ni. Ọ̀rọ̀ Eyínfúnjowó ni. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá sí mọ́, ó máa wá jókòó tì yín. Tó bá wá, kí ẹ—"

"—bọ́ ṣòkòtò, ó ní kí ewúrẹ́ wọ̀ ọ́!" ni ohùn ọkùnrin kan ké, èrò sì bú sẹ́rìn-ín.

Eyínfúnjowó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó mọ àwàdà náà, ẹnu rẹ̀ ti là kí ó tó rántí ibi tó wà. Ó yára fọwọ́ bò ó, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ṣì ń mì.

Onítẹ̀wé kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ibi tí ohùn ìyá parí sí nìyẹn," ni obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí wọ́n kó wọlé láàárọ̀ yìí ló jókòó sórí ìyókù. Kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ẹ má lé mi ló fẹ́ sọ," ni Eyínfúnjowó yára wí. "Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ìyàwó wa fẹ́ràn mi gan-an. 'Tó bá wá, kí ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.' Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ létí!"

Onítẹ̀wé yíjú sí i. "Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́, ìwọ lo tún fẹ́ máa gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

Obìnrin náà na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé kí n gé ẹ̀rín yẹn kúrò?"

"Gé e, ọmọ mi. Má fi nǹkan kan dí ojú rẹ̀."

Obìnrin náà kó ìwọ̀nba tó kù sínú fláàṣì kékeré kan, ó sì dá dìsíkì padà sínú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n délé, Onítẹ̀wé dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ títí àbúrò rẹ̀ fi gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀.

"Kó ẹrù rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n! Bó bá jẹ́ pé ó ní kí ẹ má lé mi ńkọ́?"

"N kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Èmi ni mò ń lé ọ, kì í ṣe òun."

Eyínfúnjowó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà kò rí ẹni bá a rín in, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ jọ.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti padé, Onítẹ̀wé ṣí gbogbo fèrèsé. Ó fi aṣọ tútù nu orí kọ̀ǹpútà, títí kan àárín àwọn bọ́tìnnì, níbi tí èérún búrẹ́dì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rá ìka. Ó tàn án, ó so fláàṣì náà mọ́ ọn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ jáde, ó pè é, ó dárúkọ àbúrò rẹ̀, ó dé ibi "kí ẹ", ó sì dákẹ́.

Obìnrin náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ kò ké pínpín. Ṣùgbọ́n nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ọkùnrin aláwàdà yẹn bọ́ ṣòkòtò fún ewúrẹ́, èrò sì rẹ́rìn-ín, kedere, nínú etí rẹ̀. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Èrò tún rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ọwọ́ di ẹnu mú, ó yára kọjú sí ilé ìwẹ̀ láti lọ bì.