Ẹ̀ka Tólà Tí Kò Lẹ̀ Mọ́ni Lọ́wọ́

Àpò kan péré ló kù nílé mi. Àpò kínúà, ọkà orí òkè tiwa, tí a máa gbìn ni, kì í ṣe èyí tí a máa jẹ. Mo so ó kọ́ àjà kí eku má baà débẹ̀, mo sì sọ fún ìyá ọkọ mi, Mama Basilia, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti onítọ̀hún ni.

Ó ní, "Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Ṣé èmi tí ọwọ́ mi ò tó àjà?"

Lọ́dún tó kọjá, ìrì dídì pa gbogbo oko Tolarpata, abúlé wa. Ọkọ mi lọ wá iṣẹ́ síbi ìwakùsà. Àpò yìí ló kù tí mo lè pè ní oko. Tí mo bá gbìn ín kó tó tó àsìkò, tí ìrì dídì pa á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí, mi ò ní irúgbìn mìíràn. Tí mo bá sì pẹ́ jù, ọ̀rinrin á ti sá lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí ọkọ́ ò lè bá a. Ọ̀rọ̀ náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igi tólà la máa ń wò níbí. Kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n òun ló gbà láti máa hù lára òkè wa, òun náà la fi ń dáná. Tó bá yọ òdòdó, a ó gbìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ẹ̀ka olódòdó dé ọ̀dọ̀ olórí abúlé, oko rẹ̀ ni gbogbo wa máa kọ́kọ́ gbìn, tọkùnrin tobìnrin, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń rìn lórí òkè tí ojú rẹ̀ kì í wá nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń fún àwọn làmá, ẹran ọ̀sìn mi, lómi ni mo gbọ́ ariwo. Tata Nicanor, bàbá kan ní abúlé wa, ló ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn òkè, ikùn rẹ̀ ń mì, fìlà wà lọ́wọ́ kan, ẹ̀ka wà lọ́wọ́ kejì. Òdòdó yẹ́lò bo ẹ̀ka náà.

"Ó ti yọ o! Ẹ jáde o! Ó ti yọ!"

Gbogbo ilé tú síta. Ọmọdé ń fò, ajá ń gbó. Inú tèmi náà dùn, mi ò ní parọ́. Mo ju korobá omi sílẹ̀, mo sáré tẹ̀ lé wọn lọ sí àgbàlá Tata Eleuterio, olórí abúlé wa. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Nicanor dúró síwájú iná, ó wú àyà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ìyá wa ti jí! Ó la ẹnu rẹ̀, ó bá èmi ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù, ó ní..."

Mama Basilia já a lẹ́nu. "Ṣé ó ní kí o lọ wẹ ẹsẹ̀ ni? Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ẹ mọ́ báyìí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Nínú eruku tiwa yìí, ẹsẹ̀ tó mọ́ ṣọ̀wọ́n ju wúrà lọ. Nicanor náà rẹ́rìn-ín, ó ń gbé ẹ̀ka rẹ̀ káàkiri kí kálukú lè rí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo fi ìka méjì tẹ ewé rẹ̀.

Ewé tólà kún fún oje. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ títí alẹ́. Eléyìí ò lẹ̀. Ó rọ̀ bí ewéko ojú odò. Mo wo ẹsẹ̀ Nicanor, mo tún wo ẹ̀ka náà. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú sínú iná.

"Yéè! Saturnina! Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ dúró. Ẹ wò ó."

Kò sí ẹni tí kò mọ bí tólà ṣe ń jó. Bó tilẹ̀ tutù, yóò gbiná bíi pé a da kẹrosíìnì sí i. Eléyìí ń rú èéfín ni, bí àkísà tó tutù. Gbogbo wa ń wúkọ́.

Mo ní, "Tata Nicanor, níbo lẹ ti já a?"

"Lórí òkè."

"Apá ibo?"

"Ẹ̀yìn òkè. Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?"

"Níbi omi gbígbóná tó ń sun látinú àpáta, níbi tí ẹ ti lọ wẹ ẹsẹ̀, àbí?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé tólà ibẹ̀ kì í ṣe tólà ni?"

Tata Eleuterio mi orí. "Tólà tó ń mu omi gbígbóná láràárọ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òtútù ti lọ?"

"Ìlara ni!" Nicanor fi fìlà lu itan rẹ̀. "Obìnrin tí kò lọ iléèwé ọjọ́ kan, òun ló fẹ́ fi ìka méjì kọ́ wa ní iṣẹ́ oko. Ẹ máa dúró o. Èmi ń gbìn lónìí."

Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì gbin gbogbo irúgbìn wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kù dúró, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wò mí yàtọ̀. Tí mo bá ṣìnà, gbogbo abúlé ni mo mú ṣìnà.

Láràárọ̀ ni mo ń gun òkè. Ìrudi òdòdó tólà tòótọ́ ṣì dì pinpin bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo ń fi ọwọ́ walẹ̀ lóko mi. Lọ́jọ́ kìíní, mo walẹ̀ ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kí n tó kan ọ̀rinrin. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti di méjì.

Mama Basilia bi mí, "Tí kò bá rí bí o ṣe wí ńkọ́?"

"Ebi á pa wá."

"Ó dáa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Lọ́jọ́ karùn-ún, kínúà Nicanor yọ. Oko rẹ̀ ṣe tútù yọ̀yọ̀. Ó kọrin kọjá níwájú ilé wa, ó ní, "Saturnina, wá wo oko, kí o má baà gbàgbé bó ṣe ń rí!" Mo wọlé. Mo wo àpò tó wà lájà, ọwọ́ ń yún mi kí n tú u. Mo lọ jókòó sórí ọwọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, a jí, ìrì dídì ti mú ilẹ̀ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, oko Nicanor ti dúdú. Ó dúró láàárín rẹ̀, fìlà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, títí kan Mama Basilia.

Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ò dúró dè wá. Lọ́jọ́ kẹtàlá, apá mi wọlẹ̀ dé ìgúnpá kí n tó kan ilẹ̀ tútù. Mo sáré gun òkè láìmí dáadáa. Mo yí àpáta ńlá kan, ni mo bá rí yẹ́lò. Kì í ṣe ẹ̀ka kan o! Gbogbo ara òkè ni!

Mo já ẹ̀ka kan, mo sáré bọ̀. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ṣubú tó, ẹ̀ka náà ò kúrò lọ́wọ́ mi, ó ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò kí ẹnikẹ́ni nígbà tí mo dé àgbàlá Tata Eleuterio. Mo fà á kúrò lọ́wọ́, mo jù ú sínú iná. Iná bú sókè gùù! Ìyàwó rẹ̀ fò sẹ́yìn, ó gbàgbé ọbẹ̀.

"Òun nìyẹn!" Tata Eleuterio kígbe. "Ẹ gbé ọkọ́! Ó di oko Saturnina!"

Mo tú àpò náà lájà. Ọkọ́ ogójì ló wà lóko mi, gbogbo wọn ń wa ihò jíjìn, àwọn obìnrin ń da irúgbìn sí i, wọ́n ń pariwo bí ìgbà tí wọ́n ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nicanor wà lára wọn. Ó ń wa ihò tó jìn ju ti gbogbo wa lọ.

Nígbà tí a gbìn ín tán, ìsàlẹ̀ àpò kù díẹ̀. Àṣà wa ni pé ẹni tí irúgbìn rẹ̀ ṣègbé, ilé kọ̀ọ̀kan á fún un ní irúgbìn ẹ̀kún fìlà rẹ̀ kan. Nicanor ò lè béèrè. Mo ní, "Tata Nicanor, ẹ gbé fìlà wá."

Ó ń bọ̀, ó ti ń ṣí ti orí rẹ̀.

"Rárá o. Ti ìyàwó yín. Tiyín ti tóbi jù."

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn tí a gbìn ín, ẹnìkan ń lu ilẹ̀kùn wa bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Nicanor ni.

"Saturnina! Oko ẹ ti yọ o! Ó ti yọ!"

Mama Basilia ò dìde níbi tó jókòó sí. Ó ní, "Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kí o tó gbà á gbọ́."

Mo wò ó. Eruku ni, títí dé orúnkún.

Mo sáré jáde.