Àdúgbò Tí Bàbá Mo-Ti-Débẹ̀ Yàn

Kò sí ẹbí tí kò ní ẹnì kan tó rìn jìnnà ju àwọn yòókù lọ. Nínú ẹbí aránṣọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Bàbá Mo-Ti-Débẹ̀ ni. Kì í ṣe orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o; ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ìlú ńlá tó wà ní ìparí ojú irin, ìlú tí wọ́n ní èèyàn lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kó má tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá á rọra gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, á nu ètè, á ní, “Ẹ gbọ́, mo ti débẹ̀.” Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni yóò tún lanu lẹ́yìn ẹni tó ti débẹ̀?

Ìgbà tó débẹ̀ gan-an ni kò sẹ́ni tó lè sọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó sẹ́yìn káńtà, tó ń fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà. Bí wọ́n bá bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ìrìn-àjò náà, ikọ́ ló máa ń wú.

Aránṣọ yìí, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni. Kóòtù ni ọmọbìnrin náà ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń ti ìlú mìíràn gbé aṣọ wá bá a. Lọ́jọ́ kan, ilé ìránṣọ tó lókìkí jù ní ìlú ńlá náà pè é lórí fóònù pé kó wá ṣe ìdánwò láàárọ̀ Mọ́ńdè. Bó bá yege, iṣẹ́ dé nìyẹn. Ọkùnrin tó pè é kò fi ẹ̀rín sí i rárá. Ó ní, “Aago mẹ́jọ la máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́, kó má wulẹ̀ kàn án.” Ó ti pẹ́ tí aránṣọ ti ń retí ìpè yẹn. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun dá nìkan wọ ìlú tí kò lẹ́yìn. “Ẹ̀gbọ́n mi á sìn ọ́ lọ. Bí wọn ò bá lọ, ìwọ náà ò lọ.”

Bí wọ́n ṣe kóra jọ sí pálọ̀ ìyá nìyẹn, tí wọ́n ń gbìmọ̀ ibi tí wọ́n máa dé sí.

“Orí-Òkè,” ni bàbá wí, kí wọ́n tó bèèrè tán. “Àdúgbò ọlọ́lá. Àwọn ará Orí-Òkè kì í kánjú. Yíǹkì dúdú ni wọ́n fi ń kọ nǹkan wọn, gàdàgbà-gàdàgbà. Bébà wọn sì nípọn!”

“Bébà wo, Bàbá?” aránṣọ béèrè.

“Ohun gbogbo wọn ló nípọn,” bàbá dáhùn kíákíá. “Àwọn ará Ẹ̀bá-Odò ni kí ẹ sá fún. Lónìí wọ́n wà níbí, lọ́la wọ́n ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n gbà.”

“Ilé ìránṣọ tí mò ń lọ, Ẹ̀yìn-Afárá ló wà.”

Bàbá yọ ṣùtì. “Ẹ̀yìn-Afárá! Àwọn tí kò lè lẹ sítáǹbù kó gún!”

Ìyàwó bàbá wú ikọ́, ó ní eruku pọ̀.

Ibẹ̀ ló ti yé aránṣọ. Gbogbo ohun tí bàbá mọ̀ nípa ìlú ńlá, ara àpòòwé ló ti mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọdún tó fi jókòó sẹ́yìn káńtà, ìlú náà ló ń wá bá a, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn; òun fúnra rẹ̀ kò lọ bá ìlú rí.

Aránṣọ ti wo àwòrán ìlú náà lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá dé sí Ẹ̀yìn-Afárá, ẹsẹ̀ lásán ni yóò fi dé ilé ìránṣọ. Orí-Òkè wà ní òdì kejì odò, afárá kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárọ̀ Mọ́ńdè, èèyàn lè rán odindi kóòtù, kó rán bọ́tìnnì mọ́ ọn, kí mọ́tò tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní òdì kejì.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá ẹni pé kò débẹ̀ rí? Àgbà tó ti ń jẹun lórí ọ̀rọ̀ kan láti ọdún gbọ́nhan, bí ẹ bá gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyá bá sì gbọ́ pé afọ́jú lòun fẹ́ fi ṣe amọ̀nà ọmọ òun, ìrìn-àjò parí. Aránṣọ pa ẹnu mọ́. Inú ló ń bí i, ẹnu ló pa mọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni ọkọ̀ ojú irin sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Bàbá ti wọ kóòtù aláwọ̀ eérú tí aránṣọ rán fún un, ó sì ti múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀. Nígbà tó jáde sínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀, ọ̀rọ̀ náà wọmi. Òrùlé ibẹ̀ ga bí ẹni pé kùrukùru lè gbénú rẹ̀. Àtẹ̀gùn ń dá rìn lọ sókè láìrí ẹni tó ń tì í. Ẹnu ọ̀nà wà níwá, ó wà lẹ́yìn, ó wà lọ́tùn-ún lósì, èèyàn sì ń tú jáde nínú gbogbo wọn bí ìjàlọ. Bàbá di ọwọ́ báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin, bí ẹni pé báàgì ló fẹ́ sá lọ.

“Bàbá, ẹnu ọ̀nà wo ni ká gbà?”

“Wọ́n ti yí gbogbo nǹkan padà,” bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. “Tẹ́lẹ̀... tẹ́lẹ̀ kò rí báyìí.”

Aránṣọ wo ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àgbàlagbà náà. Ìbínú tí ọmọbìnrin yìí ti ń pa mọ́ láti ilé yọ́ dànù. Bí apá kóòtù bá fẹ̀ ju ihò tí wọ́n fẹ́ rán an sí lọ, aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í gé e. Ńṣe ló ń rọra fún un wọlé díẹ̀díẹ̀, títí àlékún náà á fi wọ inú aṣọ lọ, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí.

“Bàbá, ẹ ò rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà kan?”

“Èwo nínú rẹ̀?”

“Ẹ ní àlejò ló ń sáré lọ sí Orí-Òkè. Ẹ ní ẹni tó mọ ìlú dénú, ẹ̀gbẹ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ló ń sùn.”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹnu yín ni mo ti gbọ́ ọ.”

Irọ́ funfun báláú ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ṣiṣẹ́. Bàbá ronú. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Èjìká rẹ̀ tó ti rọ̀ tún gbéra.

“Mo sọ ọ́ o,” ó wí. “Ẹni tí mo sọ ọ́ fún ni mo ti gbàgbé.”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwọ ni! Orí-Òkè wo? Kí la fẹ́ lọ ṣe lórí òkè, ṣé ẹyẹ ni wá ni? Ẹ̀yìn-Afárá là ń lọ!” Ó nàró, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà tó lọ sí ilé ìtura àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin.

“Ẹ̀yin lẹ máa ṣíwájú, Bàbá,” aránṣọ wí, ó sì rọra fi èjìká darí rẹ̀ sí òmíràn.

Ilé tí wọ́n dé sí wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Bàbá di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Kò ṣí. Ó tún fà á.

“Ẹ tì í wọlé!” obìnrin kan kígbe láti inú. “Kì í ṣe fífà!”

“Mo mọ̀,” bàbá wí.

Ìyá onílé ni, opó tó sanra, tí ẹnu rẹ̀ kò ní bíréèkì. Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. “Ṣé ẹ ti dé ìlú yìí rí, Bàbá?”

“Ká má tíì sọ ìyẹn.”

“Ó dáa. A ò ní sọ ọ́.”

Yàrá kékeré méjì ló fún wọn, pátákó tín-ínrín ló là wọ́n láàárín. Bí aránṣọ bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó lè kan ògiri ilé kejì. Páìpù omi gba ara ògiri náà kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wẹ̀ lókè, á máa kùn hùn-ún hùn-ún bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ibẹ̀ kò lọ́lá. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ tónítóní, aránṣọ sì yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó rí i pé ó gún.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bàbá jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tán, ó dé fìlà. “Mo fẹ́ lọ kí àwọn ojúlùmọ̀ mi àtijọ́ díẹ̀.”

“Ẹ bá mi kí wọn,” aránṣọ wí. Ó jókòó, ó ń fi àkísà rán kọ́là, ó ń tú u, ó ń tún un rán.

Ọjọ́ ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí ìyá onílé kó táwẹ́ẹ̀lì wá. “Bàbá yín yẹn, kí ló sọnù lọ́wọ́ wọn?”

“Kí lẹ rí, Mà?”

“Mo lọ ra búrẹ́dì, mo rí wọn níwájú ilé ìránṣọ ńlá yẹn. Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n yí padà. Kò pẹ́, wọ́n tún gba ọ̀nà mìíràn yọ síbẹ̀. Nígbà tí mo tún máa rí wọn, ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti ń jáde, ìyẹ̀fun ti kun fìlà wọn. Mo kí wọn, wọ́n ní ilé ọ̀rẹ́ àwọn kan làwọn ti ń bọ̀.”

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ aránṣọ. Ó wo ibi tó ti ń rán, kò rí i dáadáa mọ́.

Nígbà tí bàbá padà dé, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Báwo làwọn ọ̀rẹ́ yín, Bàbá?”

“Ara wọn le. Wọ́n ní kí n kí ọ.”

Aránṣọ lọ tọrọ omi gbígbóná nínú bàsíà lọ́wọ́ ìyá onílé, ó gbé e síwájú bàbá kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n jáde pẹ̀lú àsìkò tó tó. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n bá odò lójú títì. Páìpù ńlá kan ti bẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ bàtà rọ́bà ti fi igi dínà, wọ́n ń lé èèyàn padà. Fóònù aránṣọ ní kí wọ́n ṣáà máa lọ tààrà. Aránṣọ wo omi, ó wo aago.

“Ju fóònù yẹn sápò,” bàbá wí. “Tẹ̀lé mi.”

Ó wọ kọ̀rọ̀ kan láàárín ilé méjì. Wọ́n tẹ̀ba gba abẹ́ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, wọ́n gun àtẹ̀gùn onírin kan, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì. Ní oríta kékeré kan, bàbá dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ètè rẹ̀ ń mì. “Ilẹ̀kùn pupa,” bàbá ń sọ lábẹ́lẹ̀, “lẹ́yìn ilẹ̀kùn pupa, ibi tí wọ́n to igi sí...” Ó yà sósì. Wọ́n já sí ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì. Ọkùnrin kan tí ìyẹ̀fun bo apá rẹ̀ dé ìgúnpá gbójú sókè.

“Bàbá àná! Ẹ tún ti dé?”

“Mo tún ti dé!” Bàbá kò dúró. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o rí i? Wọ́n mọ̀ mí níbí.”

“Mo rí i, Bàbá.”

Ọkùnrin orí fóònù tí kò lẹ́rìn-ín yẹn ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tí wọ́n yọ. Aránṣọ sáré wọlé lábẹ́ apá rẹ̀. Ilẹ̀kùn tì.

Bàbá jókòó sórí pèpéle níwájú ilé náà. Ó bọ́ bàtà, ó tún wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó jókòó. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tí aránṣọ jáde, òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. “Wọ́n ní kọ́là tí mo kọ́kọ́ rán wọ́. Wọ́n ní kí n tú u.”

“Tú u kẹ̀?” Bàbá ti dìde.

“Mo tú u, mo tún un rán. Ọkùnrin yẹn yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, ‘Ẹni tó lè tú iṣẹ́ ara rẹ̀ láìbínú, a lè kọ́ ọ.’ Wọ́n á kọ́kọ́ dán mi wò ná. Oṣù tó ń bọ̀ ni kí n bẹ̀rẹ̀.”

Bàbá ṣí fìlà, ó tún un dé, ó tún ṣí i. Ojú rẹ̀ ń dán. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn tó ń kọjá fi ń wò wọ́n.

“Mo máa nílò ibi tí mo máa gbé, Bàbá,” aránṣọ wí nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ọgbọ́n kankan sí i. “Àdúgbò wo lẹ rò pé ó dáa?”

Bàbá la ẹnu. Èèyàn rí i pé ìdáhùn ti dé ètè rẹ̀, ó ti nípọn, ó ti gba òǹtẹ̀. Ó gbé e mì.

“Mi ò mọ̀,” ó wí.

Obìnrin kan ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó gbé korobá, kò lè ju ọjọ́ orí aránṣọ lọ. Bàbá lọ pàdé rẹ̀, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀wọ́, ìyá mi,” ó wí. “Àlejò ni wá o. A ò dé ìlú yín yìí rí. Ọmọ mi ríṣẹ́ síbí, ó sì ń wá ibi tó máa gbé. Báwo ni àdúgbò yìí ṣe rí?”

Obìnrin náà gbé korobá kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú. “Ẹ jókòó,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ pọ̀.”