Ọ̀pá Iwájú Bàbá Ezell

Ìka mẹ́ta péré ni Dorsey Gaines fi ń bá bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ jà, nítorí bọ́ọ̀lù ti ba àwọn yòókù jẹ́, wọn kò ṣeé ká mọ́. Inú ọkọ̀ dúdú kan tó ń dán yinrinyinrin ló jókòó sí lẹ́yìn ilé epo tó wà lẹ́nu ibodè Larkin, ó ti fèrèsé pa kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó yá a ní Dallas láàárọ̀ ni, ọ̀la ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Kóòtù ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tó sanra bí àgbá ló rán an. Ní báyìí tó ti fọn, ṣe ló ń fẹ́ lára rẹ̀ bí àgọ́.

Ọjọ́ Àbọ̀wálé ni. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Ẹtì kan lásìkò tí ewé ń wọ́, gbogbo ọmọ Larkin tó ti fọ́n káàkiri Texas a padà wá wo bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́tàlá tí Dorsey ti wá kẹ́yìn. Kì bá tí wá lọ́dún yìí náà, bí kì í bá ṣe pé Kóòṣì Hadley, ẹni tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù nígbà èwe, pè é lórí fóònù.

“Nǹkan ńlá kan wà tá a fẹ́ bẹ̀ ẹ́,” Kóòṣì wí. “Ó wúwo lẹ́nu. Má tíì dá mi lóhùn, ṣáà máa bọ̀.”

Kí ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe owó? Dorsey mọ̀ ọ́n dájú: iná pápá ni. Láti kékeré rẹ̀ ni àwọn gílóòbù orí òpó pápá Larkin ti ń ṣẹ́jú, tí ìlú sì ń retí ọmọ tó máa là, tó máa wá pààrọ̀ wọn.

Ẹ̀bi ìwé ìròyìn ni, tàbí ẹ̀bi àwọn tó ń kà á. Dorsey gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún owó, ó wà lára àwọn òmìrán tó ń dúró ní ìlà iwájú, tí wọ́n ń fi àyà dínà kí ọ̀tá má baà fọwọ́ kan ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a ṣe àdéhùn tuntun, ìwé ìròyìn Larkin gbé e jáde gàdàgbà pé ogójì mílíọ̀nù dọ́là ni yóò gbà láàárín ọdún márùn-ún. Gbogbo ìlú ka iye náà. Kò sẹ́ni tó bìkítà pé ẹgbẹ́ lè já a sílẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n, Dorsey alára kò bìkítà. Ó kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀, ìyẹn dúró títí dòní. Ṣùgbọ́n ó tún ra ilé oníyàrá mẹ́sàn-án fún ara rẹ̀, ó fi owó gọbọi bá ọ̀rẹ́ kan dá ilé oúnjẹ sílẹ̀, ó ń ná owó ọdún karùn-ún nínú ọdún kìíní. Lọ́dún kejì, orúnkún rẹ̀ já lórí pápá. Kó tó kúrò ní ọsibítù, ẹgbẹ́ ti ní kó máa lọ. Ilé oníyàrá mẹ́sàn-án lọ, ilé oúnjẹ tẹ̀lé e. Ní báyìí, ẹrù ló ń já nínú ọkọ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dallas.

Ojú wá ń tì í láti wá sílé. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, á ní iṣẹ́ kò gba òun láyè. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ Dorsey ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́tàlá, ó sì ti ń fọkàn sí i pé ó ṣì ku ọdún méje. Ohun tó ti kọ́ sórí nínú ọkọ̀ ni pé owó òun há sínú ilẹ̀ àti ilé, kí wọ́n fún òun láyè di ọdún tó ń bọ̀. Bó bá sì ti lọ, kò ní padà wá mọ́ láéláé.

Bó ṣe gbé ọkọ̀ dé pápá ni igbe sọ: “Fọ́tì! Fọ́tì dé o!”

Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn nítorí ogójì mílíọ̀nù, bí ẹni pé kì í ṣe mọ́kànléláàádọ́rin ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù tó fi gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń dín ẹja lẹ́nu ọ̀nà pápá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Fọ́tì, ọkọ̀ yìí fẹ̀ ju ilé tèmi lọ o!” ọ̀kan nínú wọn wí. “O ò gbà mí ṣe dírẹ́bà?”

Dorsey rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ àwọn aago wẹ́wẹ́ tó ń ró bọ̀. Ìyá rẹ̀, Vernell, ti fi òdòdó Àbọ̀wálé, tó tóbi ju orí rẹ̀ lọ, há àyà. Rìbọ́ọ̀nù rẹ̀ gùn dé orúnkún, aago tí wọ́n so mọ́ ọn sì ń dún ní gbogbo ìṣísẹ̀.

“Ẹ wò ó bó ṣe rù!” ó kígbe kó tó kí i rárá. “Gbogbo yàrá tó wà nílé ẹ yẹn, ṣé kò sí ilé ìdáná nínú wọn ni?”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Tẹrí ba kí ọwọ́ mi lè tó ọ.”

Ó tẹrí ba. Ìyá rẹ̀ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí. Dorsey fẹ́ sá padà sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni Kóòṣì ti wá fà á lápá lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá.

Bàbá Ezell Pruitt jókòó sórí àga níbẹ̀, ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ṣéènì àti ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun ló ti ń di ọ̀pá iwájú mú kí Dorsey tó hu eyín. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ kan láti gbé bọ́ọ̀lù rìn tó yáàdì mẹ́wàá. Bí kò bá dáni lójú bóyá ó tó, ṣéènì náà, tó gùn ní yáàdì mẹ́wàá, ni wọ́n ń gbé wọ pápá wá wọ̀n ọ́n: ibi tí ọ̀pá iwájú bá dúró sí ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dé. Ní Larkin, owó kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọ̀pá náà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ni wọ́n ń fún.

Kóòṣì wú ikọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo òpó iná. “Dorsey, a ti sọ ọ́ sọ ọ́ láàárín ara wa, ojú ló ń tì wá. Irú ẹni tó o ti dà báyìí, a mọ̀ pé...”

“Kóòṣì, kò sí owó.”

Ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí ti fò lọ.

“Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí n tó tún yí i padà. Kò sówó níbì kankan. Ogójì mílíọ̀nù yẹn, inú ìwé ìròyìn lẹ ti rí i, ibẹ̀ lèmi náà ti rí i. Ìwọ̀nba tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ná an. Ẹrù ni mò ń já ní Dallas. Ọkọ̀ tó wà níta yẹn, mo yá a ni. Mi ò lè ra iná.”

Lókè orí wọn, gílóòbù kan ṣẹ́jú, ó kú, ó tún tàn.

“Iná wo?” Bàbá Ezell béèrè.

“Iná pápá tẹ́ ẹ fẹ́ kí n rà.”

Bàbá Ezell wo Kóòṣì, Kóòṣì wo Bàbá Ezell. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu àgbàlagbà náà títí ó fi wú ikọ́. “Ta ló bi ẹ́ léèrè iná? Iná yìí ti ń ṣẹ́jú kí wọ́n tó bí ẹ, àwa náà sì ń bá a ṣẹ́jú!”

“Fọ́tì tẹ́ ẹ wá ń pè mí ńkọ́?”

“À ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni! Ìwé ìròyìn yẹn náà ló ní ilé iṣẹ́ adìyẹ ń bọ̀ wá gba ẹgbẹ̀ta èèyàn síṣẹ́ nílùú yìí. Ṣé o tíì gbọ́ kí àkùkọ kan kọ ní Larkin?”

“Orúnkún Bàbá Ezell ló ti lọ,” Kóòṣì wá là á mọ́lẹ̀. “Ọ̀pá iwájú ń wá ẹni tó máa dì í mú. Kò sówó níbẹ̀ o. Bọ́gà kan àti Kóòkì kan ni, tí wọ́n bá lọ ìsinmi àárín eré. Báwo la ṣe fẹ́ gbẹ́nu sọ fún olówó pé kó wá máa dúró ti ọ̀pá nítorí bọ́gà?”

Dorsey fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ ń rín, omi sì ń dà lójú rẹ̀ gba àárín àwọn ìka wíwọ́ náà. Ìgbà tó gbọ́ tí aago ró lẹ́yìn rẹ̀ ló tó mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ tipẹ́.

“Ọdún mẹ́tàlá,” Vernell wí.

“Màámi...”

“Pa ẹnu ẹ mọ́. Gbogbo Kérésìmesì tí o kò wá, owó ni mò ń bá jà. Mo ní owó ti gba ọmọ mi, a ti kéré lójú ẹ̀. Dorsey, mo fi orúnkún lélẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run pé kí owó yẹn tán! Ó ti tán látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀.”

Ó gbá a lápá, ó tún fà á mọ́ra. Aago òdòdó ń dún láàárín àwọn méjèèjì.

Bàbá Ezell fún wọn láyè díẹ̀. “Níbi ẹrù yẹn,” ó wá bi í, “ọjọ́ wo ni wọ́n ń fún ẹ nísinmi?”

“Ẹtì àti Àbámẹ́ta, bàbá.”

“Ẹtì.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tọ́ oyin lá. “Bọ́ àgọ́ tó o gbé wọ̀ yẹn sílẹ̀, wá gba ọ̀pá.”

Dorsey bọ́ kóòtù náà, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Ìka mẹ́ta tó dá ṣáṣá wé mọ́ ọ̀pá náà, àwọn yòókù sì ràn wọ́n lọ́wọ́ bí agbára wọn ti mọ.

Ìsinmi àárín eré kù fẹ́ẹ́ nígbà tí Larkin lo ìgbà kẹrin wọn. Gbogbo wọn wó lura, bọ́ọ̀lù sì wà lábẹ́. Rẹfirí fọwọ́ pe ṣéènì. Dorsey gbé ọ̀pá iwájú wọ pápá, gbogbo ìlú dìde dúró. Nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, abẹ́ òkìtì èèyàn ló máa ń wà lásìkò yìí, tí á máa fetí sí ariwo òkè láti mọ̀ bóyá ó tó. Lónìí, ojú tirẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i. Ó na ṣéènì títí ó fi le gan-an, ó gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ku ìwọ̀n ìka kan kí bọ́ọ̀lù tó kan ọ̀pá.

Rẹfirí fi ọwọ́ hàn wọ́n bó ṣe kéré tó, ìlú sì mí ìmí ẹ̀dùn. Ẹnìkan lọgun láti òkè: “Fọ́tì! Ṣé o ò lè fi díẹ̀ kún un fún wa ni?”

“Kò sí lọ́wọ́ mi!” Dorsey lọgun padà.

Ẹ̀rín sọ, ó gba orí àga dé orí àga, aago òdòdó kan sì ń dún láàárín rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń mì í. Ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ó padà sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ìgbà tó débẹ̀ ló tó yé e pé òun ti pariwo ọ̀rọ̀ náà sétí gbogbo Larkin. Ilẹ̀ kò lanu gbé e mì, Kóòṣì sì ti ń pè é kó wá gba bọ́gà rẹ̀ kó tó tutù.