Imú Ìyá Onímú

Ìyá Onímú tẹ̀ bo orí ìkòkò ọbẹ̀ adìẹ, ó fa èémí títí èjìká rẹ̀ fi gbéra sókè. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ọ̀fìnkìn tó mú un láti àná ti dí ihò imú rẹ̀ méjèèjì pa.

Ó bu ewé táìmù gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rún un, ó dà á sí i. Ìkẹta nìyẹn.

Ọ̀fìnkìn mà mọ ọjọ́ yàn o! Olórí alásè iléeṣẹ́ aránṣọ tí Ìyá Onímú ti ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ti fẹ̀yìn tì, ọ̀gá sì ti ní òun yóò tọ́ ọbẹ̀ wò lágogo méjìlá òní, kí òun tó pinnu bóyá Ìyá Onímú ni yóò rọ́pò rẹ̀ tàbí kí òun wá ẹlòmíì láti ìta. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sè níbẹ̀ láìfi ṣíbí kan ẹnu. Imú ló fi ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Àní iyọ̀ pàápàá, ó ní òun ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín tọ́ ọ wò," Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́, sọ láti ibi tó ti ń gé kárọ́ọ̀tì.

"Ṣé imú mi ti kú ni?"

"Kò kú o. Ó kàn sùn lọ ni, ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń hanrun?"

Ìyá Onímú tún bu táìmù. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó mọ òwe yẹn dáadáa. Àwọn ẹlòmíì ló máa ń pa á fún.

Ó ṣí ìdérí láti da ẹ̀kúnwọ́ kẹrin sí i. Ooru táìmù rú lù ú lójú. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó yíjú kúrò, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta, imú rẹ̀ sì là gbàà. Òórùn ya wọlé bí ọmọ iléèwé tó gbọ́ aago ìsinmi.

"Yéè! Ta ló da odindi oko sínú ọbẹ̀ mi?"

Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. "Ẹ̀yin náà ni! Tútù lẹ máa ń lò. Gbígbẹ tí ẹ bù lónìí le jù ú lọ, ẹ sì bù ú bíi tútù."

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá Onímú wo ìkòkò, ó wo aago. Ó mú ṣíbí kan, ó nà án sí ọmọbìnrin náà.

"Ó dáa. Tọ́ ọ wò."

"Ó korò díẹ̀, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká bu ìdajì rẹ̀ kúrò, ká fi ọ̀dùnkún àti omi adìẹ lásán kún un."

Wọ́n bu, wọ́n kún un, Ẹlẹ́rìn-ín tún tọ́ ọ. Ìyá Onímú bu ife kan nínú èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀, ó mu ún ní gbígbóná. Àyà rẹ̀ fúyẹ́.

Nígbà tí agogo méjìlá lù, ọ̀gá jẹ àwo kan tán, ó tún bu òmíràn. "Ta ló sè é?"

Ọ̀rọ̀ "èmi" ti dé ẹnu Ìyá Onímú kó tó rí ṣíbí lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín.

"Àwa méjèèjì ni," ó ní.

"Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, olórí alásè," ọ̀gá sọ fún Ìyá Onímú.

Ìṣó kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tí kò sí ohun tó kọ́ sí i rí láti ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí wọ́n fọ ìkòkò tán, Ìyá Onímú nu ṣíbí méjì gbẹ, ó sì kọ́ wọn síbẹ̀.